Ẹ̀bi Ẹni tí ó Gbà á Sílẹ̀: Orúkọ Ìjọba nínú Jìbìtì Owó Kírípítò

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó gba epo náà bá rò pé ẹni tí ó gbé e ni ó ni ín ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni jìbìtì owó kírípítò tí a fi orúkọ ìjọba bò lójú gbé ka iwájú àwọn onígbàgbọ́ òdodo lóde òní.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà (CBN) gbé eNaira jáde. Kò pẹ́ tí ó fi ní láti kìlọ̀ fún ará ìlú nípa àwọn ẹlẹ́tàn tí ń kéde lórí Twitter pé a ń pín bílíọ̀nù 50. Bẹ́ẹ̀, eNaira kan kò ju náírà kan lọ, kì í sì í mú èlé wá. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ̀ pé ìlérí pé yóò di ìlọ́po kò lè ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá.

Ọ̀rọ̀ CBEX tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Èrè ìdá ọgọ́rùn-ún láàárín 30 ọjọ́ ni ètò náà ṣèlérí. Nígbà tí ó di oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn tí ó fi owó síbẹ̀ kò rí i gbà mọ́. Àjọ SEC tí ń ṣàkóso ọjà ìdókòwò sì sọ pé òun kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí kan wà tí àwọn kan ń tọ́ka sí, èyí tí ẹ̀ka àjọ EFCC tí ń gbógun ti fífọ owó ẹ̀gbin mọ́ fún ilé-iṣẹ́ kan tí ó bá ètò náà tan. Ìwé náà kì í ṣe àṣẹ láti gba owó ìdókòwò. Nítorí náà, ìwé tòótọ́ pàápàá a máa di ẹlẹ́rìí èké bí a bá lò ó fún ohun tí a kò tìtorí rẹ̀ kọ ọ́.

Ẹni tí ó tan ni jẹ ni ó ni ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́. Èyí kò ní iyàn nínú. Ní ti ẹni tí ó pe ará àdúgbò wọ inú rẹ̀, àwọn kan yóò sọ pé erò ọkàn rẹ̀ dára, àti pé erò ọkàn ni a fi ń díwọ̀n iṣẹ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Àáyà kẹfà nínú Súrà Al-Hujuraat pa á láṣẹ pé kí a wádìí ìròyìn, kí a má baà ṣe ènìyàn níbi láìmọ̀. Ibi tí a ṣe láìmọ̀ gan-an ni àáyà náà ń dènà. Àìmọ̀ tí ìwádìí díẹ̀ ìbá mú kúrò kì í ṣe àwáwí. Ẹni tí ó sì gba làádà lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tí ó mú wá ti di alágbàtà, ìwádìí sì di dandan fún un.

Kí ni ìwádìí náà? Kí a wo orúkọ nínú ìwé àkọsílẹ̀ SEC fúnra rẹ̀, kì í ṣe nínú àwòrán tí olùpolówó fi ránṣẹ́. Bákan náà, kí a bi ara wa léèrè ibi tí èrè náà ti ń wá.

Ní ti ìrònúpìwàdà, ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kò ṣeé fi ìtọrọ àforíjì lásán parẹ́. Kí ó dá làádà padà fún àwọn tí ó ni ín, kí ó sì kéde àṣìṣe rẹ̀ níbi tí ó ti kéde ètò náà. Bí ó bá jẹ́ orí mímbárì ni, orí mímbárì náà ni. Ọlọ́hun ni ó mọ̀ jùlọ.