Sísín àti Ìfẹ́ Ọmọnìkejì

Ẹ̀yin arábìnrin nínú Kristi, Òfin Mose pàṣẹ kí adẹ́tẹ̀ máa bo ẹnu (Lefitiku 13:45). Àwa tí a wà lábẹ́ oore-ọ̀fẹ́ ńkọ́?

Bí a bá sín láìbo ẹnu, itọ́ wẹ́wẹ́ tí ó ru kòkòrò àrùn lè ba ìyá arúgbó tí ó jókòó níwájú wa àti ọmọ ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ wa. Àrùn Kòrónà ọdún 2020 kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Kí a má ṣe gbàgbé.

Aṣọ ìnujú tàbí apá tí a ká níbi ìgbọ̀nwọ́ ni kí a fi bo imú àti ẹnu, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́ tí a ó fi bọ ara wa lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, kí a fi ọṣẹ wẹ ọwọ́.

Ìfẹ́ kì í ṣe ti ẹnu lásán. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.