Ẹni Mímọ́ Tí Ara Rẹ̀ Kò Jẹrà

Nígbà tí ìyà jẹ Jóòbù débi pé ó jókòó sínú eérú, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ara wọn di lọ́yà Ọlọ́run, ó bi wọ́n léèrè bóyá irọ́ ni wọ́n fẹ́ fi gbèjà Ẹlẹ́dàá. Ìbéèrè yìí ni mo máa ń gbé síwájú àwọn tí mò ń kọ́ ní katikísímù lọ́sàn-án Sátidé kí wọ́n tó ṣèrìbọmi. Ìtàn tí mo sì máa ń fi tì í lẹ́yìn kò sí nínú Bíbélì. Ará Amẹ́ríkà kan ló kọ ọ́, ọmọ Ìjọ Àgùdà tó gba ẹ̀sìn rẹ̀ gbọ́ tọkàntọkàn, tó sì ń kọ ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì. Anthony Boucher ni.

Orúkọ tó fi ń kọ̀wé nìyẹn. William Anthony Parker White ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ìlú Oakland ní Kalifóníà ni wọ́n sì bí i sí ní 1911. Ikọ́ fée yọ ọ́ lẹ́nu gan-an. Ó kàwé dé yunifásítì ní Berkeley, ó gboyè kejì níbẹ̀ ní 1934, ó kọ ìtàn ọ̀daràn, ó sì fi sístà kan ṣe ẹni tó ń tú àṣírí ìpànìyàn nínú méjì nínú wọn. Ó túmọ̀ iṣẹ́ Jorge Luis Borges, ará Ajẹntínà, sí Gẹ̀ẹ́sì, ní 1948. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun àti J. Francis McComas dá ìwé àtìgbàdégbà kan sílẹ̀ tí a wá mọ̀ sí The Magazine of Fantasy and Science Fiction. Ó ṣe olóòtú rẹ̀ títí di 1958. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ló kú, kò tíì pé ẹni ọgọ́ta ọdún.

Ìtàn tí mò ń sọ jáde ní 1951, The Quest for Saint Aquin ni àkọlé rẹ̀. Ayé iwájú ni. Àwọn ọ̀gá ìmọ̀ ẹ̀rọ ló ń ṣèjọba, onígbàgbọ́ sì ń fara pamọ́. Póòpù tí a kọ́kọ́ rí nínú ìtàn náà, aáyán ló ń gbá kúrò lórí tábìlì níbi tó sá pa mọ́ sí. Ó rán fáda kan tó ń jẹ́ Tómásì lọ sórí òkè, pé kó wá òkú ẹni mímọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Aquin. Ìwàásù ọkùnrin náà ti yí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn padà, wọ́n sì ní ara rẹ̀ kò jẹrà látìgbà tó ti kú. Bí a bá rí òkú náà, ìgbàgbọ́ tó ti ń kú lọ á tún sọjí. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n fún Tómásì pé kó gùn, àmọ́ ẹ̀rọ ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ọ̀hún, ó ní làákàyè, ó sì ń fọhùn. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Báláámù inú Bíbélì rí áńgẹ́lì tí ẹni tó gùn ún kò rí. Èyí ò rí áńgẹ́lì kankan. Ńṣe ló ń dán fáda wò ní gbogbo ojú ọ̀nà.

Wọ́n rí òkú náà lóòótọ́, kò sì jẹrà. Àṣírí tó wà níbẹ̀ ni pé Aquin kì í ṣe èèyàn. Róbọ́ọ̀tì ni, tí wọ́n ṣe tó jọ èèyàn, tí ọpọlọ rẹ̀ pé débi pé ó rò ó títí, ó sì parí ìrònú rẹ̀ sọ́dọ̀ Ọlọ́run, ó wá bọ́ sójú ọ̀nà, ó ń wàásù. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní kí Tómásì padà lọ jíṣẹ́ pé òun rí òkú tí kò jẹrà, kó sì pa ẹnu mọ́ nípa ìyókù. Ẹ wò ó dáadáa. Kò ní kó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe òótọ́. Òkú wà, kò jẹrà. Ohun tó sọ ọ́ di ẹ̀tàn ni ohun tó mọ̀ pé àwọn tó bá gbọ́ yóò rò. Tómásì kọ̀. Ó ní ìgbàgbọ́ òun kò lè dúró lórí irọ́.

Augustine Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Algeria lónìí, ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí ní nǹkan bí ọdún 420. Àwọn kan ní kí Kátólíìkì díbọ́n bí aládàámọ̀ kó lè wọ àárín àwọn aládàámọ̀ láti mú wọn. Augustine ní rárá. Ẹni tí o bá fi irọ́ fà wá síbi òtítọ́, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé òtítọ́ tí o fi hàn án kì í ṣe irọ́ míì? Àlàyé tó mọ́gbọ́n dání ni, mo sì ti fi kọ́ni tipẹ́. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló jẹ́ kí n rí ibi tó jinlẹ̀ jù lọ nínú ọ̀ràn náà.

Ìsọjí kan ni wọ́n mú un lọ, mi ò ní dárúkọ ìjọ tó ṣe é. Orúnkún ló ń dà á láàmú. Lẹ́yìn àdúrà, ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fà á lọ́wọ́ sórí pèpéle, ó sì rọra sọ sí i létí pé, “Mọ́mì, ẹ ṣáà sọ pé ó ti lọ. Ìgbàgbọ́ àwọn tó kù ni yóò fún lókun.” Wọ́n gbé maikirofóònù sí i lẹ́nu. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ o, orúnkún mi kò tíì yé dùn mí, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé mo wà láàyè.” Wọ́n gba maikirofóònù, kọ́áyà gba orin, kò sì sẹ́ni tó kí i nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Nígbà tí mo bi í lẹ́yìn náà pé kí ló dé tí kò dákẹ́, ó ní, “Bí mo bá ní mo ti san, ta ni mo fẹ́ ké pè lóru tí orúnkún bá tún bẹ̀rẹ̀?”

Augustine ń ro ti ẹni tó máa gbọ́ irọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń ro ti ẹni tó máa pa irọ́ náà. Ká ní Tómásì gbà fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, gbogbo ayé ì bá máa ké pe Aquin Mímọ́, òun nìkan ni kò ní lè ké pè é, torí òun mọ ohun tó wà níbẹ̀. Òun ni ì bá jẹ́ ẹlẹ́rìí tí Ìjọ gbára lé jù lọ, tí kò ní lè gba àdúrà tí ẹ̀rí rẹ̀ bí.

Ibì kan wà tí èmi àti Boucher ò ti fohùn ṣọ̀kan. Inú rẹ̀ dùn pé làákàyè lásán gbé róbọ́ọ̀tì dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Ó ní ẹsẹ̀ tó fi dúró o: ìpàdé Vatikan ti 1870 kéde pé èèyàn lè fi làákàyè mọ̀ pé Ọlọ́run wà. Orúkọ tó sì fún róbọ́ọ̀tì náà, lára Thomas ti Aquino ló ti yọ ọ́, onímọ̀ tó kú ní 1274, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ so ìgbàgbọ́ mọ́ ìrònú. Àmọ́ ẹ̀rọ méjì ló wà nínú ìtàn yìí. Làákàyè kò wọ́n èyíkéyìí nínú wọn. Ọ̀kan lọ wàásù, èkejì ń kọ́ àlùfáà ní ẹ̀tàn. Tó bá jẹ́ pé ìrònú tó pé ló ń gbéni dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, kí ló gbé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ síbòmíì? Mo gbà pé ìwà ni, Boucher kò sì wá ibi tí ìwà ti wọnú irin.

Síbẹ̀ mi ò lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, nítorí bó ṣe ṣe iṣẹ́ olóòtú. Ó máa ń kó àwọn tó ń kọ́ ìwé kíkọ jọ sílé rẹ̀ ní Berkeley lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, dọ́là kan ló ń gbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta àwo orin wà lára wọn, Philip K. Dick. Boucher ló ra ìtàn àkọ́kọ́ tí Dick tà, Roog, èyí tó jáde ní 1953. Nínú rẹ̀, ajá kan gbà pé olè ni àwọn tó ń kó pàǹtírí. Gbígbó tó ń gbó, ìkìlọ̀ ni, ṣùgbọ́n ariwo lásán létí àwọn olówó rẹ̀. Olóòtú míì ì bá ní ajá ò mọ nǹkan kan. Boucher rí i pé ajá náà ń jẹ́rìí ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó sì jẹ́ kí ẹ̀rí náà dúró bẹ́ẹ̀.

Òun náà ló tẹ ìtàn Walter M. Miller jáde ní 1955, tó padà di ìwé A Canticle for Leibowitz: àwọn mọ́ǹkì ń da ìwé kọ láti ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún lẹ́yìn tí bọ́ǹbù ti pa ayé run. Miller wà nínú ọkọ̀ òfuurufú nígbà ogun, ó sì bá wọn kópa nínú jíju bọ́ǹbù sí Monte Cassino, ilé àwọn mọ́ǹkì tí Thomas ti Aquino ti kàwé nígbà tó wà lọ́mọdé. Lẹ́yìn ogun ló di Kátólíìkì. Ẹni tó kọ ìtàn Aquin wá di ẹni tó gbé iṣẹ́ ọkùnrin yìí sọ́wọ́ aráyé.

Boucher kò sọ ohun tí Tómásì wí nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ Póòpù. Mo bi kíláàsì mi. Obìnrin kan ní kó sọ pé òun ò rí nǹkan kan; a jọ gbà pé irọ́ nìyẹn náà. Mẹkáníìkì kan dìde, ó ní, “Tíṣà, kó gbé róbọ́ọ̀tì náà jáde! Ìjọba lé Ọlọ́run jáde láyé, irin wá lọ wàásù Rẹ̀. Èwo ló tún kù tó ń jẹ́ iṣẹ́ ìyanu?” Obìnrin náà dá a lóhùn pé, “Ṣé irin la ó wá máa kúnlẹ̀ fún?” Mo dá mẹkáníìkì láre lórí ìwàásù, mo dá obìnrin náà láre lórí àdúrà: Ìjọ lè ròyìn ohun tí róbọ́ọ̀tì náà rò fún gbogbo ayé, kó má sì fi orúkọ rẹ̀ sínú lítánì àwọn ẹni mímọ́.