Ta Ló Tan Iná Sí Ìyá Lẹ́sẹ̀?

Ìyá àgbà kan wà nílé wa ní Pópó Yemọja tó máa ń ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú abọ́ omi tútù lóru. Ó ní ẹsẹ̀ ń jó òun, ó ń ta òun bí abẹ́rẹ́, bíi pé tanpẹ́pẹ́ ń rìn lábẹ́ awọ. A wo ẹsẹ̀ náà títí: kò wú, kò pọ́n, kò sí egbò. Àwọn kan nínú ilé ní ìyá kàn ń wá ẹni tí yóò jókòó tì í ni. Nígbà tó yá, sálúbàtà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lẹ́sẹ̀ ìyá lójú títì, kò sì ní mọ̀. Lọ́jọ́ kan ó wọlé pẹ̀lú ìṣó nínú àtẹ́lẹsẹ̀. Àwa la fi hàn án.

Ọjọ́ yẹn la tó gbà á gbọ́. Ọjọ́ yẹn náà la sì ṣìṣe. Ẹnì kan ní, "Ìyá ti tẹ nǹkan." Ẹ sì mọ̀ ọ́n: tí wọ́n bá ti ní èèyàn tẹ nǹkan, ẹni tó gbé e kalẹ̀ ló kù tí wọ́n máa wá. Ìyàwó kan wà ní òdìkejì tó máa ń da omi síwájú ilé láàárọ̀ kùtù. Ó parí.

Ìbéèrè tí mo ń gbé kiri látìgbà náà nìyí: tí mo bá gba ẹni tó ń jẹ̀rora gbọ́, ṣé dandan ni kí n gba ohun tó ní ó fà á gbọ́ pẹ̀lú? Lójú tèmi, ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ìyá nìkan ló ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Tó bá ní ó ń jó òun, ta ni yóò ní irọ́ ni? Àmọ́ lórí ohun tó fà á, gbogbo wa là ń méfò, àtìyá àtàwa.

Àwọn dókítà ní àwọn okùn tín-ín-rín kan, nọ́ọ̀fù, ló ń gbé ìmọ̀lára láti ara lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ. Èyí tó dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló gùn jù, òun ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Bó ṣe ń bàjẹ́ lọ, ó lè máa kígbe iná níbi tí iná ò sí. Tó bá kú tán, ìṣó á wọlé, kò ní sọ. Àtọ̀gbẹ lè fà á, ọtí àmujù lè fà á, ẹ̀tẹ̀ ńkọ́, àìtó fítámì B12 ńkọ́.

Nílùú Ìbàdàn wa yìí, ní UCH, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun kọ ìwádìí jáde lọ́dún 1968 lórí àwọn tí ẹsẹ̀ ń jó, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ rìn, tí ojú àti etí àwọn mìíràn nínú wọn tún ń kú lọ. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wádìí dé Òsósà ní Ìjẹ̀bú, ìlú Hubert Ògúńdé. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fẹ̀sùn kàn: pé sáyánáìdì tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ló ń ṣe àwọn tó ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ láìsí oúnjẹ gidi mìíràn. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, Dókítà Olúwọlé àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí Òsósà, wọ́n bá àìsàn náà níbẹ̀ síbẹ̀. Àmọ́ lọ́dún 2002 wọ́n kọ nípa àdúgbò kan tí sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ ti ń wọ ara àwọn èèyàn dáadáa, tí àìsàn náà ò sì wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹ̀gẹ́ lásánlàsàn rí ẹni bá a ro ẹjọ́!

Mi ò fi èyí bu Ọ̀ṣuntókun kù. Ó gbé ẹ̀sùn rẹ̀ síbi tí ẹlòmíì ti lè yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì já a. Ẹ̀sùn tiwa lójú pópó ńkọ́? Tí ìyàwó yẹn bá sẹ́, wọ́n á ní ìkà kì í jẹ́wọ́. Tó bá sunkún, ẹkún ẹ̀tàn ni. Tó bá kó lọ, ó ti sá nìyẹn. Kí ló lè ṣe tí yóò fi jàre? Ẹ má sọ fún mi pé ìkà wà láyé. Mo mọ̀ pé ó wà. Ṣé torí ìyẹn la ṣe máa mú ẹni tó sún mọ́ wa jù?

Wọ́n padà yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá wò. Àtọ̀gbẹ ni. Oògùn dín jíjó náà kù díẹ̀, kò tán. Ìyàwó òdìkejì ti kó lọ nígbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó wá a lọ láti bẹ̀ ẹ́, èmi náà ò lọ. Ẹlòmíì ló ń gbé ilé náà báyìí. Tí mo bá ń kọjá níwájú rẹ̀ láàárọ̀, tí ilẹ̀ sì tutù, mo ṣì máa ń fo ibẹ̀.