Ìka Tó Ṣẹ̀ àti Ọwọ́ Tó Ṣèèṣì

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tó dá ènìyàn ní aláìlágbára tó sì mọ àìlera rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ẹ jẹ́ kí á páyà Ọlọ́hun nínú ohun tí a ń ṣe, kí á sì páyà Rẹ̀ nínú ohun tí a ń sọ.

Ọ̀rọ̀ wa ní Jímọ̀ òní dá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ wa ní Ìjọ́ra níbí. Àwọn ọmọ àdúgbò méjì gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún 11 kan ló ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ kan. Bọ́ọ̀lù tí kò le rárá yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọlé, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fìdí rẹmi. Kí ọmọ náà tó délé, èébú ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bú òun àti ìyá rẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ pé ó gba owó ni. Láti ọjọ́ náà kò wá sí ilé kéwú mọ́. Nígbà tí a lọ bá a nílé, ohun tó bi wá ni pé: “Àfáà, ṣé Ọlọ́hun náà ń bínú sí mi ni?”

Ẹ̀yin mùsùlùmí, ẹ wo ẹrù tí a gbé lé ọmọdé lórí nítorí bọ́ọ̀lù!

Nígbà tí a bá àwọn àgbà náà sọ̀rọ̀, òwe ni wọ́n fi dá wa lóhùn: ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọba tí yóò gé ìka gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ìka náà ṣẹ̀ tàbí ó ṣèèṣì. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ohun tí ọkàn pinnu. Àṣìṣe ni ohun tí ọwọ́ ṣe tí ọkàn kò fẹ́. Nínú Súrà Al-Ahzáb, ayah 5, Ọlọ́hun jẹ́ kí á mọ̀ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún wa nínú ohun tí a bá ṣèèṣì ṣe, àfi èyí tí ọkàn wa bá mọ̀ọ́mọ̀ gbèrò. Yàtọ̀ sí èyí, Ànábì wa kọ́ wa pé a ti gbé kálámù kúrò lórí ọmọdé títí yóò fi bàlágà. Bí málááíkà kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, ta ni àwa tí a ń kọ ọ́?

Ẹ jẹ́ kí á wo àpẹẹrẹ kan tí àwọn àgbà inú wa rántí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 1977, Nàìjíríà àti Tùnísíà pàdé ní pápá ìṣeré ńlá ti Súrùlérè, tí kò jìnnà sí wa, lórí àyè láti lọ sí Ife Àgbáyé ọdún 1978 ní Ajẹntínà. Godwin Odiye, ọ̀kan nínú àwọn adáàbòbolé wa, fẹ́ fi orí gbá bọ́ọ̀lù jáde, ṣùgbọ́n inú àwọ̀n tiwa ni bọ́ọ̀lù náà wọ̀. 1 sí 0 ni eré náà parí sí. Láti ìgbà náà, bí a bá ti dárúkọ rẹ̀, góòlù yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú òdodo. Nínú eré náà, kò sí ẹni tó jẹ góòlù kankan fún wa, bẹ́ẹ̀ ilé wa la wà. Ṣáájú rẹ̀, a ti na Íjíbítì 4 sí 0 ní Èkó, àwọn náà sì na wá 3 sí 1 ní Káírò. Tùnísíà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ: òun ni ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó borí nínú eré Ife Àgbáyé, nígbà tó na Mẹ́síkò 3 sí 1 ní 1978. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló fa ìfìdírẹmi yìí, orí ẹnì kan ṣoṣo la di í lé, nítorí pé òun ni ojú rí kẹ́yìn. Ẹni tó pàdánù níwájú, a gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó pàdánù lẹ́nu ilé, a kò gbàgbé. Èyí kì í ṣe ìdájọ́ òdodo.

Irú ẹ̀bi báyìí lè di ẹ̀jẹ̀. Ní 1994, Andrés Escobar ti orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà ṣèèṣì gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé ara wọn nínú eré pẹ̀lú Amẹ́ríkà. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n yìnbọn pa á ní Medellín, ìlú rẹ̀.

Ẹ wá wo ọ̀nà Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Ní ogun Uhud, ní ọdún kẹta Hijrah, ó fi tafàtafà 50 sórí òkè, ó sì pa á láṣẹ pé wọn kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, ìbáà ṣe pé a ṣẹ́gun tàbí a kò ṣẹ́gun. Ọ̀pọ̀ wọn sọ̀ kalẹ̀ nítorí ọrọ̀ ogun. Àwọn ọ̀tá gba ẹ̀yìn wọlé, ọ̀pọ̀ sàhábà di ṣàhídì, Ànábì fúnra rẹ̀ sì fara gbọgbẹ́. Èyí kì í ṣe ọwọ́ tó yọ̀. Wọ́n tàpá sí àṣẹ ni. Síbẹ̀, lẹ́yìn ogun náà, nínú Súrà Ál-Imrán, ayah 159, Ọlọ́hun pa Ànábì láṣẹ kí ó ṣàmójúkúrò fún wọn, kí ó tọrọ àforíjìn fún wọn, kí ó sì máa bá wọn jíròrò. Kò lé wọn jáde. Ó dá wọn padà sáàárín ìgbìmọ̀. Bí a bá ṣe èyí fún àgbàlagbà tó kọ àṣẹ lójú ogun, kí ni ó yẹ kí á ṣe fún ọmọdé tí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

A kò sọ pé kí á má bá ọmọ wí. Àṣìṣe a máa ní àtúnṣe: ẹni tó ṣèèṣì pa ènìyàn, ẹ̀sìn wa ní kí á san owó ẹ̀jẹ̀. Kí kóòṣì kọ́ ọmọ náà bí a ṣe ń di bọ́ọ̀lù mú, kí ó tún un kọ́. Ṣùgbọ́n àtúnṣe kì í ṣe èébú. Anas ọmọ Málíkì sin Ànábì fún ọdún mẹ́wàá láti kékeré, ó sì jẹ́rìí pé kò ṣe ṣìọ̀ sí òun rí.

Ọ̀rọ̀ kan kù. A gbọ́ pé àwọn kan nínú àwọn tó bú ọmọ yìí ti ta tẹ́tẹ́ lórí eré náà. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ta ló ṣẹ̀ níbẹ̀? Ọmọ náà ṣèèṣì. Tẹ́tẹ́ tí Ọlọ́hun ṣe léèwọ̀ nínú Súrà Al-Máídah, èébú ìyá onílé, àti irọ́ pé ọmọdé gba owó, ìwọ̀nyí ni ọkàn mọ̀ọ́mọ̀ gbèrò. Ìka tó ṣẹ̀ ń nà sí ọwọ́ tó ṣèèṣì.

Ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì wà lọ́rùn ẹni tó bá jẹ ẹ́ títí onítọ̀hún yóò fi yọ̀ǹda rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kí ó lọ sí ilé ọmọ yẹn kí òòrùn òní tó wọ̀, kí ó bẹ òun àti ìyá rẹ̀. Ní ti ìbéèrè rẹ̀, a dá a lóhùn pé rárá, Ọlọ́hun kò bínú sí i. Ẹ jẹ́ kí ìṣe wa jẹ́rìí sí ìdáhùn náà.

Ọlọ́hun, foríjì wá níbi tí a ti ṣẹ̀, má fi ìyà jẹ wá níbi tí a ti ṣèèṣì, kí O sì fi àánú sí wa lọ́kàn sí àwọn ọmọ wa. Àmín.