Ìlù Ta Ló Wà Níbẹ̀?

Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì, Peckham ní gúúsù London ni wọ́n sì ń gbé. Ẹ̀gbọ́n ti ń kó síídì rọ́ọ̀kì àti mẹ́tàlì jọ tipẹ́. Orin BLO ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ létí l'Ékòó, àwọn tí wọ́n gbé Chapter One jáde ní 1973, ibẹ̀ ló sì gbà dé ọ̀dọ̀ Black Sabbath. Àbúrò rẹ̀ ò rí ti orin rò. Ọjà àlòkù ló ń rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn aláàánú, tó ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lálẹ́ Sátidé kan ó gbé síídì Blizzard of Ozz wá. Pọ́n-ùn kan ló rà á.

ÀBÚRÒ: Bọ̀dá mi, ẹ bá mi wo eléyìí. Wọ́n ní wọ́n ti tún un ṣe, pé ó dára ju ti àtijọ́ lọ. Èló ni kí n pè é?

Ẹ̀GBỌ́N: Gbé e wá ná. (Ó yí i sẹ́yìn, ó sún un mọ́ iná, ó ń wá ọdún láàárín àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀.) Ẹ̀n-ẹ́n, 2002. Mo fura. Má tíì dá iye kankan lé e.

ÀBÚRÒ: Kí ló ṣe é? Ozzy Osbourne náà nìyí tó wọ aṣọ pupa, tó gbé àgbélébùú dání. Ṣé ayédèrú ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Ilé iṣẹ́ tó ni ín ló tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ayédèrú. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mò ń sọ. Ohùn Ozzy ni, gìtá Randy Rhoads ni. Ṣùgbọ́n Bob Daisley ló ta béèsì rẹ̀ ní 1980, Lee Kerslake ló lu ìlù rẹ̀, o ò sì ní gbọ́ ọwọ́ ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì nínú èyí tó o mú wá yìí. Wọ́n yọ wọ́n. Robert Trujillo ni wọ́n ní kó wá ta béèsì mìíràn sí i, Mike Bordin sì lu ìlù mìíràn. Bí wọ́n ṣe ṣe Diary of a Madman ti 1981 náà nìyẹn.

ÀBÚRÒ: Mo ṣe bí gbogbo rímásítà ló ń yí nǹkan padà ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ní ibi tó mọ. Ẹni tó ń ṣe rímásítà, téèpù tí wọ́n ti po gbogbo ohùn pọ̀ sí ló ń gbé sórí ẹ̀rọ. Ó lè fi kún ohùn tó tinrín, ó lè dín èyí tó nípọn kù, ó lè mú kí gbogbo rẹ̀ ròkè. Kò sí bó ṣe fẹ́ yọ onílù kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yọ onílù, àfi kó padà sí téèpù àkọ́kọ́, níbi tí ohùn kọ̀ọ̀kan ti wà lójú ọ̀nà tirẹ̀. Ìyẹn kì í ṣèèṣì. Ẹnìkan jókòó, ó pa ojú ọ̀nà ìlù, ó sì gba ìlù mìíràn sílẹ̀ dípò rẹ̀.

Ti ìròkè yẹn nìkan náà ti tó jà sí. Ohùn inú síídì ní òkè tí kò lè kọjá. Bí wọ́n bá fẹ́ kó máa pariwo ju bó ṣe yẹ lọ, ńṣe ni wọ́n máa ń tẹ orí àwọn ibi tó ga mọ́lẹ̀, kí ibi tó rẹlẹ̀ lè gòkè bá wọn. Ìlù tó yẹ kó ta èèyàn jí á wá di pẹrẹsẹ. Vapor Trails tí Rush gbé jáde ní 2002 pariwo débi pé wọ́n ní láti tún un pò ní 2013. Inú máa ń bí mi sí i, àmọ́ mi ò lè pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Etí mi nìkan ló ń ro mí.

ÀBÚRÒ: Ti Ozzy ló wá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀? Bọ̀dá mi, ẹni tó ni nǹkan ló ni ín. Bó bá wù ú kó yí i padà, kí ló kan ará ìta?

Ẹ̀GBỌ́N: Fi sùúrù gbọ́ ná. Daisley ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ àwọn orin yẹn. Kí Diary tó jáde ni wọ́n ti lé òun àti Kerslake lọ. Nígbà tó wá jáde, orúkọ Rudy Sarzo àti Tommy Aldridge ni wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, àwọn tí kò fọwọ́ kan orin kan nínú rẹ̀. Èkíní nìyẹn: wọ́n gba orúkọ wọn. Àwọn méjèèjì ń jà fún owó wọn, wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ní Amẹ́ríkà, ẹnu ẹjọ́ yẹn ni wọ́n wà tí àwo 2002 fi jáde. Èkejì nìyẹn: wọ́n gba ohùn wọn.

ÀBÚRÒ: Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí ni àwọn Osbourne sọ?

Ẹ̀GBỌ́N: Sharon, ìyàwó Ozzy tó ń ṣe kòkáárí iṣẹ́ rẹ̀, sọ fáyé pé ìwà tí àwọn méjèèjì hù sí ìdílé àwọn ló fà á. Kóòtù náà sì da ẹjọ́ wọn nù. Ní ti òfin, o lè sọ pé Osbourne ló jàre.

ÀBÚRÒ: Ẹ ti bá mi parí ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi ò tíì parí tèmi. Ṣé o rántí ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ tí mo mú ọ lọ wò ní British Museum? Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ fún ààfin Ọ̀gọ̀gà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀gọ̀gà ló ni ín. Ó lè fi tọrẹ, ó lè dáná sun ún, kò sẹ́ni tó máa mú un. Ó tiẹ̀ fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún àwọn òyìnbó lẹ́yìn tí wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924. Ṣùgbọ́n ká ní ó pe agbẹ́gilére mìíràn, ó ní kó fá àwọn ère apá kan kúrò, kó gbẹ́ tirẹ̀ síbẹ̀, tó wá gbé e síta pé iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ rèé.

ÀBÚRÒ: Irọ́ nìyẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: Irọ́ ni, igi sì ṣì jẹ́ tirẹ̀. Bó bá wù wọ́n láti gbọ́ béèsì àti ìlù tuntun, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ti 1980 wà lórí àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n kó ti àtijọ́ kúrò lọ́jà, wọ́n fi èyí rọ́pò rẹ̀, àwòrán kan náà, orúkọ kan náà. Ọmọ ogún ọdún tó wọ ṣọ́ọ̀bù ní 2005 sanwó, ó gbé e lọ sílé, ó sì lè gbà pé ohun tí àwọn mẹ́rin yẹn ṣe ní sítúdíò Ridge Farm ní 1980 ni òun ń gbọ́.

ÀBÚRÒ: Ṣé Ozzy nìkan ló dán irú ẹ̀ wò?

Ẹ̀GBỌ́N: Rárá o. Frank Zappa yọ béèsì àti ìlù kúrò nínú We're Only in It for the Money nígbà tó ń gbé e bọ́ sórí síídì láwọn ọdún 1980. Ó ní téèpù ti bàjẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ò gbà, ti àtijọ́ ló sì padà jáde ní 1995.

ÀBÚRÒ: Ẹ jẹ́ kí n fi etí ara mi gbọ́ ọ.

(Ẹ̀gbọ́n fi ẹ̀dà 1995 sínú ẹ̀rọ, ó yan Crazy Train, ó jẹ́ kó lọ díẹ̀, ó yọ ọ́, ó fi ti 2002 sí i.)

ÀBÚRÒ: Ẹ má bínú o, èkejì yìí ló dùn mọ́ mi jù. Ìlù rẹ̀ wúwo, ó ń dún bí ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ lánàá.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó lè dùn. Bordin kì í ṣe onílù kékeré, Faith No More ló ti wá. Trujillo náà ló bọ́ sínú Metallica ní 2003. Adùn kọ́ ni mò ń bá wọn jà. Randy Rhoads ni mò ń rò. Ọkọ̀ òfuurufú já lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní Florida ní March 1982, ọmọ ọdún 25 ni. Ìlù Kerslake ló wà létí rẹ̀ nígbà tó ń ta gìtá yẹn. Ibi tó ti fà sẹ́yìn, ibi tó ti já wọlé, Kerslake ló ń dá lóhùn. Ọmọ ọdún 17 ni Trujillo lọ́jọ́ tí Rhoads kú. Ogún ọdún lẹ́yìn tí wọ́n sin ín ni wọ́n ní kó máa bá Trujillo àti Bordin ṣeré. Ta ló bi í?

ÀBÚRÒ: A kì í bi òkú. Bó bá jẹ́ ti òkú ni, kò sẹ́ni tó máa tún àwo àtijọ́ kankan tẹ̀ mọ́. Ẹ sọ ti alààyè fún mi. Trujillo àti Bordin, ṣé wọ́n jẹ̀bi?

Ẹ̀GBỌ́N: (Ó dákẹ́ díẹ̀.) Ọ̀gá wọn ló rán wọn níṣẹ́. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi pátápátá, mi ò sì lè sọ pé ọwọ́ wọn mọ́. Onílù ni Bordin. Ó mọ bó ṣe máa rí lára onílù bí wọ́n bá nu ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú orin.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin tí ẹ wa bọ́ọ̀sì títí ẹ fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ kọ iṣẹ́ fún ọ̀gá yín?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìdí nìyẹn tí mo fi ní mi ò lè dá wọn lẹ́bi pátápátá.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin fúnra yín wá ńkọ́? Mo rí wọn lórí pákó yẹn: ti 1995, ti 2002, ti 2011. Bí ti 2002 bá jẹ́ ìwà ìkà, kí ló dé tí ẹ fi gbé e sílé?

Ẹ̀GBỌ́N: Ní 2011 wọ́n dá ọwọ́ Daisley àti Kerslake padà sínú àwo méjèèjì. Bí gbogbo wa bá wá da ti 2002 nù, bó pẹ́ bó yá wọ́n á ní kò ṣẹlẹ̀ rí. Àlòkù sì ni mo rà á. Ilé iṣẹ́ ò rí kọ́bọ̀ mi.

ÀBÚRÒ: Kerslake náà ò rí kọ́bọ̀ yín. Ẹni tó ra àlòkù ò sanwó fún ẹnikẹ́ni tó ṣiṣẹ́ orin náà. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹ̀yin náà wà ní ibòòji pẹ̀lú àwọn tí ẹ ń bú.

Ẹ̀GBỌ́N: O ò parọ́. Ti owó wọn kọjá agbára mi. Àmọ́ owó nìkan kọ́ ni wọ́n ń wá. Nígbà tí jẹjẹrẹ dá Kerslake dúbúlẹ̀, tó mọ̀ pé òun ò ní pẹ́ lọ, ó kọ lẹ́tà sí Ozzy àti Sharon. Àwo ẹ̀yẹ platinum ti àwo orin méjèèjì ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun, kí òun lè gbé e kọ́ sára ògiri. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ó kú ní September 2020. Ozzy náà ti tẹ̀ lé e ní July 2025. Ohun tí Kerslake béèrè níkẹyìn ni kí wọ́n gbà pé òun wà níbẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ó dáa. Kí ni kí n wá ṣe sí èyí? Kí n dà á nù?

Ẹ̀GBỌ́N: Tà á. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé béèsì àti ìlù inú rẹ̀ kì í ṣe ti Daisley àti Kerslake.

ÀBÚRÒ: Ta ló máa wá rà á?

Ẹ̀GBỌ́N: Àwọn bíi tèmi. Ẹni tó bá ń kó gbogbo ẹ̀dà jọ máa wá a kiri, ó sì lè san ju bó o ṣe rò lọ.

ÀBÚRÒ: Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Torí pé wọ́n rẹ́ àwọn èèyàn yẹn jẹ ni ọjà mi ṣe máa wọ́n. Bí mo bá dákẹ́, pọ́n-ùn mẹ́ta; bí mo bá sọ òótọ́, mẹ́wàá. Kí wá ni òótọ́ tèmi fi sàn?

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ rẹ máa mọ ohun tó rà.

ÀBÚRÒ: Mo gbà bẹ́ẹ̀. Èrè yẹn ni mò ń bi yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Kò tíì yé èmi náà. Kọ ọ́ síbẹ̀ ná. Kerslake, K ló fi bẹ̀rẹ̀ o, kì í ṣe C.