Ta Ló Ń Tijú?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọdún 16 tó ti bímọ kan, tó wá ní òun fẹ́ fètò sí ọmọ bíbí, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ló fẹ́ dá ni àbí ọgbọ́n ló kọ́?

Nígbà tí ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi n'Ìbàdàn ni mo wà. Ọmọ wọn obìnrin ń tọ́ ọmọ oṣù 5 lọ́wọ́. Ó yọ́ sọ fún mi pé òun fẹ́ gba èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá, tó ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 3. Mo sìn ín lọ.

Nọ́ọ̀sì wò ó tòkètilẹ̀. "Ọkọ ẹ dà? O ò tíì kọ́gbọ́n, o tún fẹ́ gba láṣẹ̀ẹ́ ìṣekúṣe?" Àwọn ìyá orí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú kì í lóyún. Irọ́ ni o! Àfi tọ́mọ náà ò bá tíì pé oṣù 6, tó jẹ́ ọmú nìkan ló ń mu, tí ìyá ẹ̀ ò sì tíì rí nǹkan oṣù. Ọmọ tiwa ti ń mu ògì.

Èmi ńkọ́? Fóònù ni mò ń tẹ̀, káwọn èèyàn má bàa rò pé èmi ni mo bímọ.

Láṣẹ̀ẹ́ wo gan-an? Ta ló fún un láṣẹ kó tó bí ti àkọ́kọ́? Bàbá ọmọ ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀ lọ ní tiẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bi í ní nǹkan kan. Àwọn ìyá wa àgbà náà kúkú fètò sí i. Bí wọ́n bá bímọ, wọn kì í sún mọ́ ọkọ fún nǹkan bí ọdún 2 tàbí 3, títí wọ́n á fi já ọmọ lẹ́nu ọmú. Wọ́n ní àtọ̀ á ba omi ọyàn jẹ́. Kì í bà á jẹ́, ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ní kí ìyá sinmi tó oṣù 24 kó tó tún lóyún. Àwa ń yin ìyá àgbà, a wá ń fi àbúrò mi ṣe yẹ̀yẹ́, torí pé kò sí nílé ọkọ.

A ò gba nǹkan kan bọ̀. Nínú kòrópe ló bi mí pé, "Àǹtí, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ̀rọ̀?" Mo ní a ó padà lọ.

Ìyanṣẹ́lódì parí ní oṣù kẹwàá, mo kẹ́rù mi padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. A ò padà lọ. Ọmọ ẹ̀ kejì ti ń sáré káàkiri ilé.