Iye Tí Ó Tọ́ sí Ẹṣin Tí A Kò Tíì Gùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá mọ iyì wúrà ni à ń tà á fún. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó fi ìbéèrè kan sílẹ̀ láìdáhùn: èló ni ó yẹ kí ẹni tí ó mọ iyì rẹ̀ san, bí ẹni tí ń tà á kò bá mọ̀ ọ́n? Nídìí ata àti ẹ̀fọ́, ìdáhùn kò ṣòro. Olójà a pe iye kan, oníbàárà a dá a sí iye tí ó wù ú, wọn a sì ná an títí ẹnu wọn yóò fi kò. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ti se ata rí. Ẹnì kan kò lè fi ata tan ẹnìkejì jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ọjà kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì lè sọ ohun tí wọn yóò dà lọ́la. Ọmọ ẹṣin tí a kò tíì fi ìjánu sí lẹ́nu jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Hampshire, igbó àti pápá ńlá kan wà tí à ń pè ní New Forest. Ọba William, ẹni tí ó fi ogun gba ilẹ̀ náà, ni ó sọ ọ́ di igbó ọdẹ ọba ní nǹkan bí ọdún 1079. Títí di òní, àwọn ẹṣin kúkúrú ìbílẹ̀ ibẹ̀ ń jẹ̀ káàkiri láìsí ọgbà. Àlejò lè rò pé ẹran igbó ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí kò ní olówó. Àwọn ará àdúgbò tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ ìjẹko ni wọ́n ni wọ́n, wọ́n sì ń sàmì sí wọn lára. Bí ìgbà ìwọ́wé bá dé, wọn a da ẹran náà jọ, wọn a yọ àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ tà, wọn a sì kó wọn lọ sí ọjà Beaulieu Road láti lù wọ́n ní gbàǹjo.

Kí ni olùrà ń rí lọ́jà náà? Ó ń rí ẹsẹ̀, pátákò, ojú àti ìdúró ọmọ oṣù mélòó kan. Kò rí ìwà. Ó di ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí á tó di í ní gàárì. Kí ọjọ́ náà tó pé, olówó rẹ̀ yóò bọ́ ọ lọ́dọọdún nígbà òtútù, yóò fún un lóògùn aràn, yóò máa gé pátákò rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Bí ó bá jẹ́ akọ, yóò tún tẹ̀ ẹ́. Òfin sì ti sọ ọ́ di dandan láti ọdún 2009 pé kí ọmọ ẹṣin tí a bá bí ní ìwé ìdánimọ̀, kí a sì fi ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ní nọ́ńbà sí i lábẹ́ awọ. Àwọn ọdún kan ti wà tí a ta ọmọ ẹṣin orí òkè Dartmoor ní pọ́n-ùn 10 péré. Owó ìwé rẹ̀ nìkan ju owó ẹṣin lọ.

Báwo ni a ó ṣe mọ iye tí ó tọ́? Àwọn kan yóò ní kí á ṣírò ohun tí olówó ti ná lé e lórí. Ṣùgbọ́n ìnáwó kì í sọ ẹran burúkú di rere. Àwọn mìíràn yóò ní iye tí ọjà bá pè ni iye rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà tí ó pè é ní pọ́n-ùn 10 lónìí lè pè é ní ìlọ́po ogójì lọ́dún tí ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹṣin náà kò yí padà. Àwọn ẹ̀kẹta yóò ní kí á wo ohun tí yóò dà. Èyí ni ó máa ń tan àwọn tí ń tà jẹ jù. Àwọn baba wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí ẹṣin bá di ẹṣin gidi, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó kọ́ ọ ni. Kò tọ́ kí ẹni tí ó tà á gba owó iṣẹ́ tí ẹlòmíràn kò tíì ṣe.

Thomas Aquinas, àlùfáà ará Ítálì tí ó kú ní ọdún 1274, ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní bí àǹfààní olùrà bá ti ọ̀dọ̀ olùrà fúnra rẹ̀ wá, olùtà kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ gbówó lé ọjà. Ó tún ní bí ẹṣin bá fọ́jú kan, tí gbogbo ènìyàn sì ń rí i, kò pọn dandan kí olùtà kígbe rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbùkù tí ó fara pamọ́, tí ó lè ṣe olùrà níbi, dandan ni kí ó sọ ọ́. Èmi fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí òfin náà gé síwá, kí ó gé sẹ́yìn. Bí opó kan bá ń ta ọmọ ẹṣin tí ìran rẹ̀ lókìkí, tí kò sì mọ̀, ǹjẹ́ olùrà tí ó mọ̀ lè dákẹ́?

Ẹnì kan yóò sọ pé ogún ọdún ni òun fi kọ́ ojú tí òun fi ń wo ẹṣin, èrè ìmọ̀ òun sì ni. Òtítọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Bí ó bá wo ìrìn ẹran náà, tí ó rò pé yóò dára, èrò tirẹ̀ ni. Bí ó bá ṣìnà, òun ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀. Nítorí náà èrè rẹ̀ tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìran ẹṣin kì í ṣe èrò. Ohun tí ó ti wà ni, ó sì jẹ́ ti ẹni tí ó ni ẹṣin. Ẹni tí ó bá pa á mọ́ fún un kò jèrè ìmọ̀. Àìmọ̀ ẹlòmíràn ni ó fi ṣọrọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí á gbàgbé pé owó àti iyì kì í ṣe ọ̀kan náà. Aquinas kan náà ṣàkíyèsí pé owó ẹṣin a máa ju owó ẹrú lọ nígbà mìíràn, nítorí pé ìwúlò ni a fi ń díyelé nǹkan. Àwa náà mọ̀ ọ́n. Eṣinṣin amẹ̀jẹ̀ inú igbó kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ nílẹ̀ wa, nítorí náà Ọ̀yọ́ Ilé ń rà wọ́n láti òkè ọya, ẹrú sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń san owó wọn. Ọjà gbà á, àwọn méjèèjì tí ń dúnàá-dúrà gbà á. Ẹni tí wọ́n fi san owó ni kò sí ẹni tí ó bi í.

Nínú ọjà ẹṣin pẹ̀lú, ẹnì kẹta wà tí kò lẹ́nu. Pọ́n-ùn 10 a máa fa ẹni tí àánú ṣe, tí kò ní pápá, tí kò sì mọ ẹṣin í kọ́. Láàárín ọdún mẹ́ta, ẹran náà yóò ti kọ́ bí a ṣe ń tàpá àti bí a ṣe ń gé ènìyàn jẹ, kò sì ní sí ẹni tí yóò gbà á mọ́, àfi alápatà. Àwọn ará New Forest ti lóye èyí. Akọ díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kí ó wọ inú igbó, fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dún, kí ọmọ tí kò lólùrà má baà pọ̀.

Ní tèmi, iye tí ó tọ́ ni èyí tí kò ní fi ìyà jẹ ẹni tí ó bí ẹran náà sílé, tí yóò sì ṣẹ́ owó kù sọ́wọ́ olùrà láti fi tọ́ ọ dàgbà. Bí olùrà bá sì ń ṣiyèméjì, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun lè padà lọ bá olùtà lọ́la, kí òun sọ gbogbo ohun tí òun mọ̀ lónìí fún un, kí ojú má sì ti òun.